Abẹ́ Gàárì

"Ẹ wá wo ojú yín níbí," ni ọmọbìnrin náà máa ń wí bó bá ti fi ọ̀rá nu gàárì tán. Òótọ́ ló ń sọ. Gàárì ọwọ́ rẹ̀ ń dán débi pé eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ẹṣin gígùn fi sọ ọ́ ní Dígí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n bó bá ti gun ẹṣin, àfi bíi pé ẹ̀yìn ẹṣin ni wọ́n bí i sí. Ìyá Olùkọ́, arúgbó tó ti gun ẹṣin fún ogójì ọdún, kì í yin ènìyàn. Lọ́jọ́ tí Dígí àti ẹṣin fo igi kọjá láìfara kàn án, ìyá náà kàn ní, "Hùn-ún." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Dígí fi jẹ "hùn-ún" yẹn bí ẹran.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ṣe ìdánwò, ó dojú gàárì rẹ̀ dé, ló bá rí i pé òwú ti ń já lára ìgbànú, awọ tó so gàárì mọ́ ikùn ẹṣin. Ọjọ́ méjì ni ẹni tó ń rán awọ máa fi tún un ṣe. Bó bá sọ, ìdánwò fò ó nìyẹn, ó di oṣù mẹ́ta míì. Ó ní, ṣebí èmi ni n ó jókòó lé e, èmi tí mo fúyẹ́ bí ìyẹ́? Ó bu ọ̀rá, ó fi bo ojú ibẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn òbí ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Olùkọ́ bá ní lónìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun gàárì tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀. Kí kálukú gba ti ẹlòmíràn. Ta ni gàárì Dígí bọ́ sí lọ́wọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, tí òun náà ń kọ́ ẹṣin gígùn, tí wọ́n ń pè ní Pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tó ga tó sì fẹ̀, tó sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ pé ìṣáná kì í gun ẹṣin.

Ká má purọ́, inú Dígí kọ́kọ́ dùn. Ó ti ń fojú inú wo bí pẹ́tẹ́ẹ̀sì ṣe máa wó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè, tó juwọ́ sí ìyá wọn, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọrùn ọmọ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ṣẹ́ yìí.

"Bùọ̀dá mi, ẹ má gùn ún."

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ìlara ti ń gun ìṣáná."

"Ìgbànú ẹ̀ ti ń já lábẹ́. Mo mọ̀. Èmi ni mo fi ọ̀rá bò ó."

Ìyá Olùkọ́ fa awọ náà lẹ́ẹ̀kan péré: fàà! Ó já sí méjì. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì fọwọ́ bo ọrùn ara rẹ̀.

"O pàdánù ìdánwò, nítorí o fi í pamọ́," ni Ìyá Olùkọ́ wí. "Àmọ́ mo ti rí ẹni tó mọ ẹṣin gùn bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí irọ́ ara rẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀, wọn ò pọ̀."

Dígí sunkún délé. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jókòó ti ẹni tó ń rán awọ, ó ń kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà náà, abẹ́ gàárì ló ń kọ́kọ́ fọ̀: á nu òógùn ẹṣin kúrò, á yẹ òwú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó kan òkè.

Oṣù mẹ́ta pé. Ìyá Olùkọ́ tún ní kí kálukú gba gàárì ẹlòmíràn fún ìdánwò, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àwọn ọmọ fi ya bo gàárì kan ṣoṣo, tí kò tilẹ̀ dán. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló já a gbà, ó gbé e sáyà.

"Àbúrò mi ló fọ èyí. Ẹ lọ wá tiyín."

Dígí dojú èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó gùn ún, ó yege. Ìyá Olùkọ́ ní, "Hùn-ún, hùn-ún." Méjì!

Ẹ̀yin ọmọ, dídán kọ́ ló ń gbé ènìyàn ró, abẹ́ tí ojú ayé ò rí ni. Ẹni tó bá sì ṣàṣìṣe, kó tètè wí i, kó tó di ọ̀rọ̀ ọrùn ẹlòmíràn.