Akébòòsí Tó Yadi

Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ọmọbìnrin kan tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Ní ẹ̀ẹ̀méje, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi ń hó. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò tilẹ̀ mí.

Injiníà ni wọ́n ń pè é nílé, láti ọjọ́ tó ti tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ tó sì tún un tò. Ẹ̀rọ yìí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Akébòòsí ló sọ ọ́: bí jàgùdà bá dé bá ènìyàn lójú pópó, kí onítọ̀hún tẹ̀ ẹ́, kí ariwo rẹ̀ pe àdúgbò jáde. Ọ̀la ni ìdíje ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ̀ pé wáyà abẹ́ bọ́tìnnì ni kò lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ yóò gba ọjọ́ méjì.

"Ṣé adájọ́ máa jókòó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni?" ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í. "Kọ mẹ́wàá sílẹ̀, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá sínú ìwé àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni adájọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ké, wọ́n pàtẹ́wọ́, Injiníà sì gba ipò kìíní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní òun ló yẹ kó máa mú akébòòsí náà dání, nítorí òun nìkan ló ń dá rìn bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Injiníà fẹ́ sọ̀rọ̀, ìtìjú dì í lẹ́nu. Ó fà á lé e lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n wálé láti ilé ìwòsàn. Ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kán. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló já báàgì rẹ̀ gbà lọ́nà àbùjá kan, tí wọ́n sì tì í ṣubú.

"Mi ò kì í gba ọ̀nà yẹn," ó wí nígbà tó ku òun àti àbúrò rẹ̀. "Nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi ni mo gbójú lé. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dún."

Injiníà ì bá di ẹ̀bi ru bátìrì, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri.

"Ká ní o sọ fún mi pé kò tíì dáa, ọ̀nà mi àtijọ́ ni ǹ bá gbà. Lọ sọ fún olùkọ́ yín lọ́la."

Ó lọ sọ. Wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Ọ̀rẹ́ tó gbà á nímọ̀ràn ń wo ojú fèrèsé. Olùkọ́ kò bú u. Ó kàn ní kí ó máa wá lo yàrá sáyẹ́ǹsì lọ́sàn-án, kí ó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Ó yọ bọ́tìnnì kúrò, ó fi okùn tí wọ́n ń fà rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń bá a dán an wò, ọwọ́ òsì ló sì ń lò. Ó fà á nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Injiníà kọ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀, ó sì tún un tú palẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Injiníà kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ara ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ sì bọ́ sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe ohun tí ènìyàn yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún un. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e kò ní mọ̀, àfi bí ẹ bá sọ.