Bọ́ǹpù Tí Fákúnlé Tú

Ojú títì náà tẹ́ rẹrẹ bí ẹní, síbẹ̀ jíìpù Alàgbà Fákúnlé fò. Kì í ṣe fífò ńlá. Táyà iwájú gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Tẹ̀yìn tẹ̀ lé e, òun náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Fákúnlé dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó wẹ̀yìn wò. Ọ̀dà dúdú ló rí, tí oòrùn àárọ̀ ń tàn lórí rẹ̀. Kò sí òkúta, kò sí igi, kò sí ajá tí ọkọ̀ pa. Àwọn ọmọ iléèwé tó tò sétí títì ń wò ó. Wọn ò pariwo, wọn ò sì rẹ́rìn-ín.

Ó pòṣé. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe lanu sílẹ̀ bí ẹja," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì padà sínú ọkọ̀.

Ibi tí ọkọ̀ ti fò yẹn gan-an ni bọ́ǹpù wà tẹ́lẹ̀, kí òun Fákúnlé tó ní kí wọ́n tú u.

Fákúnlé kì í fojú èèyàn wo èèyàn. Àwọn ilé tó kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ nílùú Ifẹ̀, ilé alájà méjì tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé sì wà lápá Ìrẹ̀mọ, ó kọjú sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn ayálégbé rẹ̀, ẹran ọ̀sìn ló ń pè wọ́n. Àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó ní òṣì ń bá wọn jẹun nínú àwo kan náà. Nígbà tí àwọn òbí dá sìmẹ́ńtì àti yanrìn jọ, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ bọ́ǹpù síwájú iléèwé kí àwọn awakọ̀ lè máa rọra, orí òkè ilé ló dúró sí tó ń wò wọ́n.

"Iṣẹ́ ọwọ́ aláìmọ̀kan," ló wí. "Ó wú bí eéwo."

Bọ́ǹpù náà ga díẹ̀, ó sì ha abẹ́ jíìpù rẹ̀ tuntun. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ wá ní ọ̀sán gangan, wọ́n gbẹ́ bọ́ǹpù kúrò, wọ́n sì da ọ̀dà lé ojú ibẹ̀ títí ó fi tẹ́jú bí ẹni pé nǹkan kan ò wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀gá iléèwé, Ìyáàfin Ọlátẹ́jú, wá bá a nílé. Fákúnlé kò ní kó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni obìnrin náà wí, "nítorí àwọn ọmọ kéékèèké la ṣe mọ ọ́n. Àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibí kì í wo ọ̀tún, wọn kì í wo òsì."

"Màdáámù, ewúrẹ́ ń sọdá títì nílùú yìí láràárọ̀. Ta ló ń mọ bọ́ǹpù fún ewúrẹ́? Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín lọ́gbọ́n ewúrẹ́."

Ìyáàfin Ọlátẹ́jú gbé báàgì rẹ̀. "Mo ti gbọ́ sà," ló ní, ó sì jáde.

Iléèwé kò tíì pẹ́ tó wọlé padà tí ọkọ̀ kan fi eré burúkú bọ̀, tó gbá Àbíkẹ́, ọmọ Sẹ̀kínát aránṣọ, pa. Awakọ̀ kò dúró. Fákúnlé ń jẹun lókè nígbà tí ariwo sọ nísàlẹ̀. Ó dìde, ó ti fèrèsé, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Tinúadé, ìyàwó rẹ̀, sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé ó yẹ kí àwọn lọ kí ìyá ọmọ náà.

"Kí n kí i pé kí ni?" ni Fákúnlé bi í. "Irú wọn kì í pẹ́ bí òmíràn."

Tinúadé rọra gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó sì wọ yàrá lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fìdáù ọmọ náà tán ni jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Fákúnlé gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Solomon mẹkáníìkì. Solomon wo abẹ́ rẹ̀, ó wo táyà, ó wa ọkọ̀ náà lọ, ó wà á bọ̀ níwájú iléèwé. Ọkọ̀ ń yọ́ lọ bí ẹni ń fa aṣọ lórí tábìlì.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò lárùn kankan."

"Olódo ni ọ́. Bọ́ síbí." Fákúnlé gba sítíárì, Solomon jókòó tì í, ó gbé ike omi tó ń mu lé orókún láìdérí. Bí wọ́n ti dé ibẹ̀, ara Fákúnlé gbé sókè, orí rẹ̀ kan òrùlé ọkọ̀, ó tún balẹ̀ pọ̀ọ̀. Ó yíjú sí Solomon pé kóun fi í ṣẹ̀sín. Solomon ń wo ike omi orí orókún rẹ̀. Omi náà kò mì.

"Ọ̀gá," ló sọ wẹ́rẹ́, "ẹ̀yin nìkan lẹ fò."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìbéèrè owó iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, nǹkan náà ò dúró sójú kan mọ́. Fákúnlé ń lọ wo ilẹ̀ kan ní Ẹdúnàbọ̀n, bó ti kan iléèwé létí ọ̀nà, ara rẹ̀ fò. Ó gba Òkèrèwè lọ́jọ́ mìíràn, níwájú ilé kéú, ó tún fò. Ohun tó wá ń dà á láàmú jù ni pé bọ́ǹpù náà ń yí padà lábẹ́ táyà. Níbẹ̀rẹ̀, líle ni, bíi sìmẹ́ńtì. Nígbà tó yá, ó ń rọ̀. Ó ń rọ̀ bí àpò aṣọ, bí ohun tó ń mí. Òórùn ẹfun ìkọ̀wé sì máa ń gba gbogbo inú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí gbogbo fèrèsé tilẹ̀ wà ní títì pa.

Tinúadé ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sẹ̀kínát.

"Èmi?" Fákúnlé yínmú. "Òkú tálákà, tálákà náà ni. Kí ló lè fi èmi ṣe?"

Ṣùgbọ́n kò wa ọkọ̀ mọ́. Ó ní dókítà ló ní kóun máa rìn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló wọ agbádá, ó fẹ́ sọdá sí òdìkejì. Ó dé àárín títì, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ nǹkan. Ó wolẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Ọkọ̀ kan ń sáré bọ̀ látòkè, ó ń fọn fèrè kíkankíkan. Àwọn ọmọ iléèwé wà létí títì, wọ́n ń wò ó. 

Nígbà náà ni ọwọ́ kékeré kan wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ó tutù bíi yanrìn ìdí àmù. Ẹfun wà lára ìka rẹ̀, ó ń ha awọ ara. Ọwọ́ náà fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé. Ó dé òdìkejì bí ọkọ̀ náà ṣe kọjá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣí i ní fìlà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Ó fẹ́ fa ọwọ́ yọ, àwọn ìka kéékèèké náà fún mọ́ ọn. Ohùn kan sì sọ níbi ìbàdí rẹ̀, jẹ́ẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa:

"Ó ku àwọn yòókù, bàbá."

Ọwọ́ náà yí i padà sójú títì. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Àwọn awakọ̀ rí àgbàlagbà alágbádá láàárín ọ̀nà, wọ́n tẹ bíréèkì. Fákúnlé lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, títí agogo iléèwé fi lù. Ìgbà náà ni ọwọ́ náà tú u sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, orí bẹ́ẹ̀dì ni ọwọ́ náà ti wá mú un.

Gbogbo àdúgbò ń yìn ín báyìí. Wọ́n ní Ọlọ́run ti yí ọkàn Fákúnlé padà. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ìjọba ìbílẹ̀ tiẹ̀ rán èèyàn wá ya fọ́tò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Fákúnlé ń wo gbogbo wọn, ó ń bú wọn lábẹ́ ahọ́n. Òmùgọ̀ ni wọ́n lójú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò béèrè ìdí tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í fi í na tán, ìdí tó fi ń fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ká ìka rẹ̀ mọ́ òfo.

Ọjọ́ kan ni Sẹ̀kínát gba ibẹ̀ kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti sin ọmọ rẹ̀. Fákúnlé dúró dè é. Òun tí kò kí i lọ́jọ́ ọ̀fọ̀, òun ló tẹrí ba.

"Ìyá Àbíkẹ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kó tú mi sílẹ̀."

Sẹ̀kínát wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ọ̀tún náà, níbi tó rọ̀ sí, ní ìwọ̀n gíga ọmọdé. Kò sunkún, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ń wo ibẹ̀ títí, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń lọ síléèwé bóyá aṣọ rẹ̀ mọ́.

"Ẹ máa rọra rìn sà," ló ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gùn."