Àjèjì Kọ́ Ló Ba Jíà Náà Jẹ́

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jókòó díẹ̀. Kò gùn. Ìtàn ọkùnrin kan ni, àti ọkọ̀ kan, àti ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó sọ tí kò sọ. Tí o bá kà á tán tí kò bá ọ wí, jù ú nù.

Ọkùnrin náà ń ta ọkọ̀ àlòkù lẹ́bàá títì. Àwọn ènìyàn kì í pe orúkọ rẹ̀, Kò-lábùkù ni wọ́n ń pè é. Kò sí ọkọ̀ tó tà rí tí kò ní gbá lórí pẹ́pẹ́ kó sì sọ pé, "Èyí? Kò lábùkù!" Ọkọ̀ tí okùn ló so ilẹ̀kùn rẹ̀ ró, kò lábùkù. Ọkọ̀ tí ń mu omi bí ràkúnmí, kò lábùkù. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbé pósí wá fún un tà, yóò ní kò lábùkù, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì lò ó.

Ó mọ ọgbọ́n àrékérekè iṣẹ́ náà dáadáa. Bí jíà ọkọ̀ kan bá ń ké, yóò po gíríìsì mọ́ ọ́ìlì tó nípọn, yóò rọ ọ́ sínú àpótí jíà. Ariwo á dákẹ́ wẹ́lo. Oníbàárà á wà á yí àdúgbò po, á rẹ́rìn-ín, á gbé e lọ. Tó bá fi ẹkún pa dà wá lóṣù kejì, Kò-lábùkù á lanu, á ní, "Ta lo fún wà? Àjèjì ló bà á jẹ́!" Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn. Nǹkan kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀. Àjèjì ni.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà láàárín àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í ṣe títà. Aláwọ̀ eérú ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á láti ọdún méjìlá. Ó ti ṣèlérí rẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, abiyamọ, tó jẹ́ agbẹ̀bí nílé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn òkè. Ìyá ọmọ náà ti kú. Ọ̀nà ibẹ̀ a gun òkè lọ sókè ṣónṣó, a tún já wálẹ̀ gẹ̀rẹ́ lódì kejì, àpáta lósì, ọ̀gbun lọ́tùn-ún. Bàbá ti wí fún un pé, "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wá mú ọkọ̀ rẹ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun yà síbẹ̀.

"Alàgbà, ti eérú yìí wù mí. Ẹ jẹ́ n wà á wò."

"Ìyẹn kì í ṣe títà."

Ọkùnrin náà pe iye kan. Kò-lábùkù gbé itọ́ mì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ lè máa yọjú wò ó láti ẹ̀yìn òkè. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọmọ mi á mú òmíràn. Ṣebí ọkọ̀ ni gbogbo wọn." Ó sì ju kọ́kọ́rọ́ fún àjèjì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Áà! Ọkùnrin yẹn wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Kò jẹ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀ kó tó fa jíà. Jíà ń ké, gààrà, gààrà! Ó gba inú kòtò, ó gba orí òkúta. Ọkọ̀ ṣì ń lọ síwájú lọ́wọ́ tó fi já a sí jíà ẹ̀yìn. Kàà! Nǹkan dún nísàlẹ̀ bí ìgbà tí eyín bá kán sára egungun.

Kò-lábùkù di ilẹ̀kùn mú. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Tó bá bá a wí, kò ní rà á mọ́. Bí owó tí kò tíì dọ́wọ́ ṣe dí i lẹ́nu nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí wọ́n pa dà dé, ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ṣòkòtò. "Alàgbà, ọkọ̀ yín ń sunkún. Ẹ gbé e pọ̀n." Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọn ò rí i mọ́.

Láti ìgbà náà ni àlàáfíà ti fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Yóò wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, yóò pa rédíò, yóò sọ gíláàsì kalẹ̀, yóò dẹ etí sílẹ̀. Nígbà mìíràn a gbọ́ kíń-kíń-kíń. Nígbà mìíràn kò ní gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn a sì tún dẹ́rù bà á jù. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á lọ mi ọ̀pá jíà wò. Ó ń gégùn-ún fún àjèjì, ó sì ń gbàdúrà pọ̀ mọ́ ọn. "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ẹni ibi yẹn ti ba jíà mi jẹ́." Àdúrà nìyẹn? Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn.

Ní Ọjọ́bọ, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì kan. Ọtí ni ọkùnrin yìí ń mu bí omi tẹ́lẹ̀ kí Jésù tó fà á jáde. Láti ìgbà náà, orin ló ń jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó bá ń tún ṣe. Lọ́jọ́ yẹn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn síta, ohùn rẹ̀ sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀:

*Ṣí mi wò, Olúwa, ṣí mi wò,*
*Má wulẹ̀ nù mí lẹ́yìn, ṣí mi wò,*
*Ohun tó kán nínú mi, fà á síta,*
*Kí n má ṣubú lójú ọ̀nà.*

"Ọ̀rẹ́, jáde wá."

"Kò-lábùkù, baba ọkọ̀! Ṣé abùkù ti yọjú ni?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Àjèjì kan ló wa ọkọ̀ mi ní ìwàkuwà."

"Ọkọ̀ wo?"

"Aláwọ̀ eérú."

"Èyí tó o fún ọmọ ẹ? Kí ni àjèjì ń wá nínú ẹ̀?"

Kò-lábùkù wo ilẹ̀. Mẹkáníìkì kò bi í léèrè mọ́. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì kan, ó gba ọ́ìlì jíà díẹ̀ sórí àkísà funfun. Ọ́ìlì náà dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná, nǹkan wínníwínní sì ń dán nínú rẹ̀.

"Irin nìyí," ó ní. "Irin ló ń lọ̀ bí ìyẹ̀fun."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

"N ò lè mọ̀, àfi tí mo bá ṣí i. Jíà kì í fi inú han ẹni tó dúró síta. Fi sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ọ̀tunla lọmọ mi ń bọ̀!"

"Pè é kó má tíì wá. Kó o sì sọ ìdí ẹ̀ fún un."

Kò-lábùkù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ ṣáà bá mi rọ èyí tó nípọn sí i."

Mẹkáníìkì nu ọwọ́, ó nù ún pẹ́. "Ọ̀rẹ́, ọmọ ọmọ ẹ á wà nínú ọkọ̀ yẹn. Jíà tí eyín ẹ̀ bá ti jẹ, ó máa ń fò kúrò nípò tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì nìkan ò lè dá a dúró lórí òkè yẹn. Èmi náà ti fi nǹkan bo inú mi rí, ọtí lèmi fi bò ó. Jésù ló ṣí mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí ìyè."

"Ìwàásù ẹ ti pọ̀ jù," ni Kò-lábùkù wí. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó rọ ọ́ìlì tó nípọn sí i, ó fi gíríìsì kún un. Jíà dákẹ́. Àní ó dákẹ́ bí inú ilé tí òkú wà.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ dé, ó pọn ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ṣeun o. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ẹ̀ tán lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí aboyún bá ń rọbí lábúlé kejì, ẹsẹ̀ ni mo fi ń sáré lọ." Ó dìde, ó gbá orí ọkọ̀ pẹ́pẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó yá, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́!"

Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni bàbá yìí ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ yìí, ó wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ọlọ.

"Kò lábùkù," ó ní.

"Màá pè yín nílé epo tó wà nídìí òkè." Ó gbé ọmọ sórí àga, ó dì í, ó lọ.

Kò-lábùkù jókòó sórí táyà kan. Níbi tí ọkọ̀ náà máa ń wà, ọ́ìlì ti kán sílẹ̀, ó dúdú. Ó tẹjú mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì bá a. Ó wo àyè tó ṣófo náà.

"Ó ti mú un lọ?"

"Ó ti mú un lọ."

"O sọ fún un?"

Kò-lábùkù fi bàtà tẹ ọ́ìlì ilẹ̀ náà.

"Fóònù wà lápò ẹ."

"Tí mo bá sọ fún un, kò ní pè mí ní bàbá mọ́."

"Tí o ò bá sọ fún un ńkọ́," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fohùn jẹ́jẹ́ wí, "ta ni yóò pè ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Ó fa fóònù yọ, ó pè. Kò wọlé. Ó tún pè. Kò wọlé. Ó pè lẹ́ẹ̀keje, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ọ́ìlì. Ó ṣírò ọ̀nà náà lọ́kàn: ó yẹ kó ti dé ilé epo báyìí, ó yẹ kó ti kọjá. Ó ti pẹ́ jù. Ó wo ọ̀nà, ọ̀nà kò sọ nǹkan kan.

Ó wólẹ̀ lórí eékún rẹ̀. Kò ráyè dárúkọ àjèjì. "Ọlọ́run, èmi ni," ló ń sọ. "Èmi ni mo fẹ́ tà á. Èmi ni mo rọ ọ́ìlì. Èmi ni mo purọ́ fọ́mọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn méjì san tèmi."

Fóònù dún.

"Bàbá, ọmọ ló ń sunkún, mo dúró ra omi fún un. Ìdí òkè la wà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rí i pé ẹ ti pè mí tó—"

"Má gun òkè yẹn! Pa ọkọ̀ náà! Sọ̀ kalẹ̀!" Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bàtà funfun dé orí gíríìsì. Kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Ìró ọkọ̀ tí ń rékọjá lójú títì nìkan ni bàbá ń gbọ́.

"Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ yìí, Bàbá."

Ó pa fóònù. Ó wọ ọkọ̀ èrò, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ eérú náà pa dà. Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí àpótí jíà tán, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé eyín irin kan tó ti kán lé e lọ́wọ́.

"Rí i. Irin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, ojú ibi tó ti kán máa ń funfun, á máa dán. Wo èyí."

Ó wò ó. Dúdú ni, ó ti jẹ wọnú.

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti kán," ni mẹkáníìkì wí. "O ò pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ rí. Àjèjì kọ́ ló ba jíà yìí jẹ́. Ó kàn jẹ́ kó ké síta ni."

Ibẹ̀ ni Kò-lábùkù ti fọ́ pátápátá. Kò sí ẹni tó kù tí yóò nàka sí. Gbogbo ọkọ̀ tó ti tà, gbogbo omijé tó ti lé kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n tò wá bá a. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin, irin dúdú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Jésù, inú mi rèé. Ṣí i. Mi ò bò ó mọ́." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń wẹ ọ̀mùtí mọ́ kò kọ òpùrọ́.

Má ṣe rò pé ohun gbogbo dùn lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ náà kò rìn mọ́. Ọmọ náà ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sábúlé kejì. Oṣù márùn-ún ni kò fi pe bàbá rẹ̀. Bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì kọ àbùkù ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sára gíláàsì rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń kà á, wọ́n ń lọ. Àwọn ará àdúgbò ti yí orúkọ rẹ̀ pa dà, Ó-lábùkù ni wọ́n ń pè é báyìí, ó sì ń dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni yóò wí, "ó lábùkù. Ẹnì kan ń tún un ṣe."

Lóṣù kẹfà, fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni.

"Bàbá, ẹ jẹun?"

Ó gbé fóònù náà mọ́ àyà.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o ní ìyàwó rẹ ló ń mú ọ bínú. O ní ọ̀gá rẹ ló sọ ọ́ di òpùrọ́, pé ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ lọ́tí. Ó dáa. Mú irin náà wá síta ká wò ó. Ṣé ó funfun, àbí ó ti dúdú?

Àjèjì kọ́, olùfẹ́. Ó ti kán tipẹ́ kí àjèjì tó dé. Ọ̀rá tí o sì ń rọ lé e, ariwo nìkan ló ń pa, kò lè so eyín pọ̀. Òkè ń bẹ níwájú rẹ, o kò sì dá wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tí o bí wà lẹ́yìn.

Jésù Olúwa dúró tì ọ́, kò sì ní bú ọ tí o bá ṣí i fún un. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀. Ó kú nítorí rẹ̀. Má dúró dọ̀la. Ìdí òkè lo wà báyìí, fóònù sì ń dún.

Gbé e.