Ìwé Tí Ràzáàkì Ní Kí N Fọwọ́ Sí

"Ẹni tó ṣe fóònù yìí gan-an ni mo fẹ́ rí! Ẹ má gbé akọ̀wé wá bá mi! Ẹni tó ṣe é ni mo ní!"

Ohùn mi ti kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn onízẹ́mí tó ń fi alùpùpù dúró de èrò lójú títì Akpakpa. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin gíga kan, tó so dígí mọ́ iwájú orí bí alátùn-únṣe aago, dìde lẹ́yìn tábìlì.

"Èmi ni mo ṣe é. Ràzáàkì ni mò ń jẹ́. Kí ló bà jẹ́ nínú rẹ̀?"

"Ilé àbúrò ìyá mi ló bà jẹ́!"

Ó rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ohùn ni orúkọ tí wọ́n sọ fóònù náà. Wọ́n ṣe é fún àwọn tí kò mọ̀wé. O kò ní tẹ nọ́ńbà, o kò ní ka nǹkan kan. Ìwọ ṣáà dárúkọ ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀, fóònù á pè é fún ọ. Èrò tó dára ni, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Tàńtí Émilienne, àbúrò ìyá mi, agboolé ọkọ ló ń gbé ní Pobẹ̀. Ta ni ìyàwó ilé tó ń la ẹnu pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ níbẹ̀? Orúkọ tí ìyàwó bá fún wọn lọ́jọ́ tó wọlé ni yóò máa pè wọ́n títí ọjọ́ alẹ́: Akọ̀wé, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó.

"Ọkọ rẹ̀ dákú sójúde," mo ní. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ nìkan ló ní mọ́tò. Àbúrò ìyá mi gbé fóònù yín, ó ní, 'Eyínfúnjowó!' Fóònù ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó tún ní, 'Eyínfúnjowó!' Fóònù ní kó pe orúkọ gidi. Ló bá pariwo 'Théodore!' lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yè o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ràzáàkì wò ó, òṣìṣẹ́ náà sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ jókòó, Tàńtí."

"Èmi kì í ṣe tàńtí rẹ. Kí ló dé tí o kò fi orúkọ táwọn ìyàwó ń pè sínú rẹ̀?"

"Kò ṣeé fi sí i. Àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ti tì."

"Ìwọ tí o ṣe é ni ó tì mọ́ síta?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta Godomey. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo ń bà á jẹ́, mo ń bà á jẹ́, títí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ ojú ẹni tí kò mọ inú ohun tó ń tà. N kò tọrọ àyè. Mo so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀, mo wo inú rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní Éṣíà ṣì wà nídìí apá tó ń gbọ́ ohùn, ó jókòó kalẹ̀ bí onílé.

"O jí i," mo ní.

"Mo wò ó ṣe ni."

"O wò ó ṣe, o wá gbàgbé láti pa orúkọ olówó rẹ̀ rẹ́?"

Ìgbà yẹn ló bọ́ dígí kúrò lórí, tó wò mí dáadáa. Ojú rẹ̀ dára, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó rẹ ojú náà, ṣùgbọ́n ó dára.

"Ta ni ọ́?"

"Àrínọlá. Ẹni tó lè tún ìranù yìí ṣe."

"Aago mẹ́jọ ọ̀la," ó ní. "Wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Bí a ṣe pàdé nìyẹn.

Ìfẹ́ kò pẹ́ kó tó dé. Ìjà ló gùn wá. Lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá parí, Ràzáàkì á fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi kọjá afárá lọ sí Godomey. A ó máa jiyàn láti Akpakpa títí dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi, àwọn tó wà lórí alùpùpù ẹ̀gbẹ́ wa á sì máa yọjú gbọ́.

"Ta ni ahunṣọ tí kò kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀?" ni yóò wí. "Gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá tí ò ń rí yẹn, wò-ó-ṣe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀."

"Ahunṣọ wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kò ká aṣọ ọ̀gá rẹ̀ sá lọ."

"Àrínọlá, àwọn èèyàn yìí kò tiẹ̀ mọ̀ pé Pobẹ̀ wà láyé! Tí a bá ń dúró de àyè wọn, ìwọ àti èmi á hewú."

"Ohun tí o dà kọ, ìkòkò tí wọ́n ti lẹ ìdérí rẹ̀ pa ni. O lè gbé e rù, gbogbo ayé á máa wò ọ́. Ṣùgbọ́n o kò lè sebẹ̀ nínú rẹ̀. Lísáǹsì, ìwé àyè láti ọwọ́ olówó rẹ̀, ni yóò ṣí ìdérí."

Á wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á ra àbọ́lọ̀ àti ẹja díndín, á fi èyí tó tóbi jù sọ́wọ́ mi. "Jẹun, alátùn-únṣe mi. Ẹnu tó ń bú mi báyìí gbọ́dọ̀ lókun." Báwo ni èèyàn kò ṣe ní fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí n kò bá gbúròó alùpùpù rẹ̀ láàárọ̀, inú mi kì í dùn.

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ̀wé sí àwọn ará Éṣíà náà. Ó ní, "Kọ ọ́. Wọn ò ní dáhùn."

Wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn yóò fún wa ní lísáǹsì, àwọn yóò ṣí inú rẹ̀ fún wa, ká fi orúkọ tó bá wù wá sí i. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ dáwọ́ èyí tí a dà kọ dúró, ká má ta ẹyọ kan sí i.

Ràzáàkì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo yàrá ẹ̀yìn tí àpótí fóònù ti kún dé àjà. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

"Kí n kó gbogbo èyí dànù? Kí àwọn wọ̀nyí máa lọ sílé?"

"Oṣù mẹ́ta péré."

"Ilé-iṣẹ́ tó ń mí gúlegúle, oṣù mẹ́ta ni yóò pa á! Sọ nǹkan mìíràn."

N kò ní nǹkan mìíràn láti sọ. Òun ló ní. Ó ti lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí iná ìjórin ti jó káàkiri, ó ní, "Fẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa kò rọrùn. Màmá Ṣàrífátù, ìyá rẹ̀, ọmọ Àgùdà ni, ìran àwọn ẹrú tó padà wálé láti òkè òkun, láti ilé Mùsùlùmí tó ti pẹ́ ní Àjàṣẹ́. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó tún ń pariwo bí agogo rẹ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún rédíò rẹ̀ ṣe lórí ìjókòó, ó rọra rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ìyàwó òun. Bàbá mi, Benjamin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Mùsùlùmí kò dẹ́rù bà mí," ó ní. "Oníjìbìtì ni n kò fẹ́."

"Kì í ṣe oníjìbìtì, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo dúró fún un." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, biró ìjọba kan, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ní àwọn fẹ́ ra ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fóònù Ohùn fún àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ obìnrin. Inú ilé-iṣẹ́ ru gùdù. Ìwé kan wà nínú dosié, fáìlì ọjà náà, tí ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, pé gbogbo ohun tó wà nínú fóònù náà, tiwa ni tàbí a ti gba àyè rẹ̀. Èmi ni ẹnjiníà. Ràzáàkì gbé ìwé náà síwájú mi.

"Fọwọ́ sí i, olólùfẹ́."

"Irọ́ ló wà níbẹ̀."

"Tí wọ́n bá ti rà á, a ó gba lísáǹsì. Mo búra."

"Kọ́kọ́ gba lísáǹsì, màá fi ọwọ́ méjèèjì sí i."

"Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Má kó ìyẹn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí! Mo fẹ́ràn rẹ ni mo ṣe ń sọ òótọ́ fún ọ. Ẹni tí n kò bá fẹ́ràn, n kì í ráyè rẹ̀."

Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ká ìwé náà, ó fi ẹnu kan iwájú orí mi. "Ó tán. Mo ti gbàgbé rẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé ìgbéyàwó wa ni lẹ́tà dé bá mi ní Godomey. Biró náà ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá. Àwọn ará Éṣíà ti fẹjọ́ sùn. Kí n wá ṣàlàyé ìwé tí mo fọwọ́ sí.

Mo gun zẹ́mí dé Akpakpa. Ràzáàkì wà láàárín àwọn àpótí, ó dá wà.

"Ràzáàkì, ìwé wo ni mo fọwọ́ sí?"

Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin gíga yẹn kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí o kọ sí àwọn ará Éṣíà. Mo wò ó ṣe."

Mo ti àpótí tó wà láàárín wa sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo kọ ọ́ títí ó fi jọ," ó ní. "Àrínọlá, tí o bá ní ìwọ kọ́, wọ́n á tì mí mọ́lé, wọ́n á ti ibí yìí pa. Tí o bá ní ìwọ ni, ìkìlọ̀ lásán ni wọn yóò fún wa. Mo ti bèèrè. Ọ̀rọ̀ kan péré."

"O ti bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé. O kò bèèrè lọ́wọ́ mi."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdílé méjèèjì ti gbọ́. Màmá Ṣàrífátù wá bá mi nílé, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi. "Ìyàwó mi, ìyàwó ni aṣọ ọkọ. Tí ìwọ kò bá bò ó, ta ni yóò bò ó?"

Tàńtí Émilienne, tó ti dé láti Pobẹ̀ láti wá dáná ìgbéyàwó, dúró tì í gbágbágbá. "Gbọ́ mi, Àrínọlá. Èmi tí mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórúkọ, ṣé wọ́n lé mi ni? Ìtìjú máa ń kọjá. Ọkọ ni kì í tètè wá. Sọ pé ìwọ ni, ọmọ!"

Bàbá mi nìkan ni kò bẹ̀ mí.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkọ̀wé," ó ní. "Tí o bá ní ìwọ lo kọ ọ́, n kò ní bá ọ jiyàn. Màá wọ aṣọ mi lọ́jọ́ Sátidé, màá fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. N kò ṣáà ní bi ọ́ léèrè nǹkan kan mọ́ láyé."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo bá Ràzáàkì níwájú biró náà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo rà fún un. Mo di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà mú.

"Jẹ́ ká jọ wọlé, kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́. Lísáǹsì ṣì wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, èmi ni màá máa gbé oúnjẹ wá. Ọdún yòówù kó jẹ́, màá dúró. Màá fẹ́ ọ láti ibẹ̀ pàápàá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni èmi náà ń bẹ̀ ọ́ fún."

Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Mo gbọ́, ìfẹ́ mi," ó ní.

A wọlé. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn wa, ó di etí ìró mi mú. Bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màdámù tó jẹ́ ọ̀gá biró náà ṣí dosié, ó kọ́kọ́ wo Ràzáàkì.

"Mùsíọ̀, ta ló fọwọ́ sí ìwé yìí?"

Mo yíjú sí i. Gbogbo ayé mi wà lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹnjiníà mi ni," ó ní. "Ọ̀la ni yóò di ìyàwó mi. Ẹ bi í léèrè."

Màdámù yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìrù kékeré tí mo máa ń fà sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó kọ ọ́ ju bí èmi fúnra mi ṣe ń kọ ọ́ lọ.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, Màdámù?"

Ìyá rẹ̀ fa ìró mi. Lábẹ́ tábìlì, Ràzáàkì na ọwọ́ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. N kò já a gbà. Mo di tirẹ̀ náà mú, mo gbé e jáde, mo gbé e lé orí ìwé náà níwájú gbogbo wọn.

"Èmi kọ́," mo ní. "Ọwọ́ yìí ló kọ ọ́."