Sítọ̀ọ̀ Mẹ́fà

Ọmọbìnrin náà gbé pláànù ilé sún mọ́ fèrèsé, ó tún un wò. Sítọ̀ọ̀, sítọ̀ọ̀, sítọ̀ọ̀. Mẹ́fà gbáko! Ilé yàrá mẹ́fà, sítọ̀ọ̀ mẹ́fà, balùwẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo sítọ̀ọ̀ náà ló sì ní ihò omi nílẹ̀ bíi ti balùwẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rí orúkọ onílé nísàlẹ̀ ìwé. Bọ̀ọ̀dá Bíríkìlà ni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Oníṣirò sì ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè é. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ omi ìdọ̀tí fi gbà á síṣẹ́ nígbà ìsinmi. Kó ṣáà ka balùwẹ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti ilé ìdáná inú pláànù àwọn ilé tuntun, kó sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin ẹnjiníà kan, ti ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Páìpù omi ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀, àwọn tó ti ń gbé ibí tẹ́lẹ̀ ló san owó rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé gbọ́dọ̀ ra àyè tirẹ̀. Bí omi tó máa jáde nílé rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, òun la sì fi ń ri páìpù tó tóbi sí i. Ìwọ ṣáà kà á dáadáa."

Nígbà tó parí iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá ti ń dúró dè é lẹ́nu géètì.

"Oníṣirò mi! O ti rí pláànù mi?"

"Mo rí i, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin àti sítọ̀ọ̀!"

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kó o kà, má wulẹ̀ ronú jù. Kẹ̀kẹ́ búlúù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣebí ojú rẹ kì í kúrò lára rẹ̀? Tó bá di Sátidé, tìẹ ni."

Kẹ̀kẹ́ kẹ̀! Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lójoojúmọ́, bàtà rẹ̀ sì ti lanu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ balùwẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnjiníà ro gbogbo iye náà pọ̀. "Ó ku díẹ̀ báyìí kó kún, àmọ́ páìpù àtijọ́ ṣì máa gbà á. A ò ní ri tuntun lọ́dún yìí."

Oníṣirò sún mọ́ tábìlì. "Mà, tí wọ́n bá ṣì í kà ńkọ́?"

"Omi á wá ibi tó rẹlẹ̀ jù." Ẹnjiníà fi ìka tọ ìlà páìpù lórí máàpù, ó kọjá ilé ẹ̀kọ́, ó dúró lórí ilé kékeré kan. "Inú balùwẹ̀ ibí yìí ló máa gbà jáde. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí pàǹtírí dí páìpù lọ́jọ́ òjò."

Ilé ìyá àgbà rẹ̀ ni! Lọ́dún tó kọjá, tí omi dúdú rú jáde, orí àpótí ni màmá sá gùn, wọ́n di bàtà wọn mú. Bọ̀ọ̀dá Bíríkìlà, ọmọ wọn, ló pọ̀n wọ́n jáde. Látìgbà yẹn, bí òjò bá ti ṣú, màmá á kó bàtà sórí àpótí. Ojú ti Oníṣirò débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ kà á ṣì ni." Ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

Ẹnjiníà kó gbogbo pláànù náà síwájú rẹ̀. "O ṣeun tó o sọ ọ́. Àmọ́ mi ò lè fọkàn tán ohun tó o kà mọ́. Pláànù ogójì ló wà níbẹ̀, tún gbogbo ẹ̀ kà."

Ó kà á títí ojú fi ń ta á. Ẹ gbọ́ ná: ó tún rí sítọ̀ọ̀ mẹ́sàn-án tó ní ihò omi nínú ilé àwọn ẹlòmíràn!

"Áà, àwọn èèyàn yìí mà lẹ́rù o!" Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Páìpù tuntun di dandan, kálukú sì máa san iye tó tọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, bọ̀ọ̀dá já wọlé bá a lágbàálá màmá. "O dalẹ̀ mi, àbí?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo nǹkan kan." Ó fi igi fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀, láti ìdí ilé tuntun bọ̀ọ̀dá títí dé iwájú ẹsẹ̀ màmá. "Ẹrù inú sítọ̀ọ̀ yín, ibí ni ì bá já sí."

Bọ̀ọ̀dá wo ìlà náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀. "Yéè! Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀."

"Ṣé o tún fẹ́ pọ̀n mí ni?" màmá bi í. "Ikùn rẹ ti pọ̀ jù, wàá gbé mi ṣubú!" Bọ̀ọ̀dá alára bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó mú pláànù tuntun wá: balùwẹ̀ méje, kò sí sítọ̀ọ̀ kankan.

Wọ́n ri páìpù náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, Oníṣirò fẹsẹ̀ rìn dé ilé màmá nínú bàtà rẹ̀ tó lanu. Kò rí kẹ̀kẹ́ gbà, àmọ́ ó ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ẹrù tí èèyàn bá fi irọ́ gbé kúrò lórí ara rẹ̀ kì í pòórá, ẹlòmíràn ló máa rù ú, ẹni náà sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn jù. Balùwẹ̀ gbẹ táútáú. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, bàtà wọn sì wà nílẹ̀.