Ife Mílíìkì Asáré

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọléèwé. Ìwọ tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, gbé e sápò, ojú ẹ ni mo fẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ Asáré ni mo fẹ́ sọ, kò sì dùn.

Asáré kì í sáré bí èmi àti ìwọ. Tó bá ti gbéra, eruku nìkan lẹ máa rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, òun sì ni iléèwé rẹ̀ gbójú lé fún ìdíje ọgọ́rùn-ún mítà. Ìyá rẹ̀ ń fọ ìgò nílé iṣẹ́ mílíìkì. Lójoojúmọ́ ló ń gbé mílíìkì ife kan bọ̀ wálé, á fi í sí fíríìjì, tó bá di àárọ̀, á dà á sínú fúláásì fún ọmọ rẹ̀.

"Mu ún tán o. Egungun lo fi ń sáré, kì í ṣe ẹnu."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣí fúláásì ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń sáré, tí wọ́n ń pè ní Pankẹ́rẹ́, pariwo: "Ẹ wá wo ìkókó! Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ nápíì ẹ lónìí?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Asáré náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ korò. Láti ọjọ́ kejì, ojú gọ́tà ni mílíìkì ń lọ.

"Ṣé o mu ún?"

"Mo mu ún tán, Màmá."

Ọdún méjì gbáko!

Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Asáré ń fi eré dánra wò, ojúgun rẹ̀ dún kọ́, ó ṣubú lulẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò egungun: ó ti sán.

Dókítà béèrè: "Ṣé ọmọ yìí ń mu mílíìkì? Àbí yọ́gọ́ọ̀tì?"

Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga. "Ife kan lójoojúmọ́, Dókítà! Èmi fúnra mi ni mò ń bù ú!"

Dókítà họ orí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àfi ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àìsàn tó lágbára ló wà nídìí ẹ̀."

Ìyá ká ọwọ́ lérí: "Àìsàn kẹ̀?" Asáré wo ojú ìyá rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màmá, mi ò mu ún. Mo ń dà á nù ni."

Dókítà yíjú sí i, ó ní: "Ìgbà ọ̀dọ́ ni egungun ń kó kálísíọ̀mù inú mílíìkì tó ń mú un le pa mọ́. Tó o bá dàgbà tán, kò rọrùn mọ́."

Ta ni wọ́n fi rọ́pò Asáré? Pankẹ́rẹ́! Kò tiẹ̀ rántí pé òun fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní bá yín fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn. Ohun tí egungun yín ń fẹ́, ẹ fún un nísinsìnyí.

Lọ́jọ́ ìdíje, orí ibùsùn ni Asáré wà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi gba ife méjì níbi iṣẹ́. Ṣebí ó pọ̀ níbẹ̀?"

"Ife kan péré ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi, èyí tó ò ń dà nù yẹn, tèmi ni. Torí pé mi ò mu ún níbẹ̀, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni mí, títí ó fi sú wọn."