Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Yàrá Méjìlélógún

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn awakọ̀ akérò ojú omi daṣẹ́ sílẹ̀ ni Ermes kọ́kọ́ rí i. Obìnrin gíga kan nínú kóòtù pupa dúró lórí afárá kékeré àdúgbò wa ní Cannaregio, nílùú wa tí wọ́n kọ́ sórí omi, báàgì onítáyà ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń wo pátákó òtẹ́ẹ̀lì Àparò Mẹ́ta bí ẹni tí ń wo ajá tó ti bù ú jẹ rí. Òógùn ti lẹ irun mọ́ ọn níwájú orí. Ẹni tó bá ti wọ́ ẹrù gorí afárá mẹ́jọ láti ibùdókọ̀ ojú irin wá mọ irú òógùn bẹ́ẹ̀.

Inú ọkọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ afárá ni Ermes wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó dọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà omi àwọn òtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ṣí sójú omi, kó sì kó èyí tí wọ́n ti fọ̀ wá. Ọmọ Pellestrina ni, erékùṣù àwọn apẹja tó jìnnà sí wa lápá gúúsù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó ṣígbọnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Ẹnu yẹn náà ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

"Àǹtí," ló pè é, "ṣé òtẹ́ẹ̀lì lẹ ń wá?"

Obìnrin náà bojú wolẹ̀. "Mò ń rò ó lọ́wọ́ ni."

"Tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ tẹjú mọ́ yẹn, ẹ tètè gbàgbé ẹ̀."

"Kí ló ṣe é? Ó mà rẹwà."

"Ṣé orí ẹwà lẹ fẹ́ sùn ni? Yàrá méjìlélógún ló wà níbẹ̀, ó máa ń kún fọ́fọ́. Ṣé ẹ mọ yàrá mélòó ni wọ́n ń kó aṣọ ẹ̀ fún mi láràárọ̀? Mẹ́fà péré."

"Àwọn tó kù wá ńkọ́?"

"Wọ́n ń dojú ẹ̀ délẹ̀ ni. Ẹni tó lọ lánàá ti sùn síwájú ẹ̀, ẹ̀yin á wá sùn sẹ́yìn ẹ̀."

Ó wá nawọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì Tullio tó wà lódìkejì omi. Ó ní ògiri ibẹ̀ burẹ́wà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ á sì bá orúnkún èèyàn jà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí òun kì í kó òkìtì aṣọ kúrò níbẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ àbúrò òun ló wá, ibẹ̀ lòun máa mú un lọ. Obìnrin náà dúpẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fa báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà Àparò Mẹ́ta wọlé tààrà láìkànkùn. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta.

"Màmá, mo ti dé."

Díẹ̀ ló kù kí Ermes já sómi. Àwa tá a wà lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín títí, nítorí àwa ti dá a mọ̀ látìgbà tó ti gun afárá. Orsola ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyáàfin Fiorenza, ẹni tó ni Àparò Mẹ́ta, bí sáyé. Òun àti ìyá rẹ̀ jà ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ló bá gba ìlú Torino lọ, ó ń bá wọn tọ́jú òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá kọ lẹ́tà ìlà kan sí i pé kó máa bọ̀ nílé. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì: wọn kì í bẹ̀bẹ̀, wọn kì í sì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, Ermes wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà omi Àparò Mẹ́ta bí ẹni tí wọ́n pè sí ilé ẹjọ́. Orsola ló bá níbẹ̀, ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Yàrá méjìlélógún," ló wí. "Ẹ kà á."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni..."

"Láti ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́ fún mi nílùú yìí. Ẹ má wá fi ẹ̀bẹ̀ bà á jẹ́."

Ermes pa ẹnu mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù. Kò rọrùn fún un láti pa ẹnu mọ́, a sì rí i pé ó ń wo ojú obìnrin náà ju bó ṣe ń wo ẹrù lọ.

Inú ilé gbóná lọ́jọ́ náà. Orsola ti tú gbogbo bẹ́ẹ̀dì wò láàárọ̀, ó sì ti rí i pé òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ní àwọn àlejò kì í wo bẹ́ẹ̀dì, pé àwòrán áńgẹ́lì tó wà lára àjà ni wọ́n ń wá wò. Orsola ní áńgẹ́lì kọ́ ni wọ́n ń sùn lé. Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ló máa ń dún létí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ohun tí Fiorenza kò lè fẹnu rẹ̀ sọ ni pé látìgbà tí ọkọ òun ti kú ni agbára òun kò ti ká ilé náà mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun kò sì lè bẹ ẹnikẹ́ni kó dúró. Ó kúkú jẹ́ kí Orsola gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì ń kùn káàkiri ilé.

Báyìí ni aṣọ yàrá méjìlélógún ṣe ń jáde lójoojúmọ́, tí ìfẹ́ sì ń bá a jáde. Ermes tó máa ń dé ní aago mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní aago méje. Nígbà tí àkàn bọ́ èèpo, tí ara rẹ̀ rọ̀, Ermes ní kí ìyá òun dín in, ó sì wé e wá nínú bébà. Orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà omi ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n na ẹsẹ̀ sórí omi, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. Wọ́n ti dẹ́kun àtimáa lo "ẹ" fún ara wọn kó tó di pé àkàn náà tán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Ermes mú Orsola lọ sójú omi gbalasa nínú ọkọ̀ kékeré bàbá rẹ̀, ó sì gbé àjẹ̀ fún un. Orsola dìde dúró, ó ń tukọ̀ bí wọ́n ṣe ń tù ú nílùú wa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń yí bí ọ̀mùtí.

"Olólùfẹ́ mi, ta ló kọ́ ẹ ní ọkọ̀ títù?" Ermes bi í. "Ológbò?"

"Bàbá mi ni," ló fèsì. Àfi bó ṣe bú sẹ́kún.

Kò tíì sunkún bàbá rẹ̀ látìgbà tó ti dé. Ermes tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó rọra gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tukọ̀ yípo yípo títí ẹkún náà fi rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni Orsola ti mọ̀ pé òun fẹ́ ọkùnrin yìí, pé kò sì sí ẹni tó máa yí òun lọ́kàn padà.

Fiorenza gbìyànjú ẹ̀. Ó ti ní ọmọ ẹnì kan tó ni òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ kì í kan omi. Nígbà tó gbọ́ pé ẹni tó ń kó aṣọ ìdọ̀tí ni Orsola ń fẹ́, ó pààrọ̀ iléeṣẹ́ alágbàfọ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an kí Ermes má bàa débẹ̀ mọ́. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ sí yàrá ìgbàlejò.

"Ṣé torí kí alágbàfọ̀ lè gbé ẹ lọ ni mo ṣe bí ẹ?"

"Màmá, ẹni tó sọ òótọ́ lẹ lé lọ."

"Bó o bá máa fẹ́ ẹ, kò ní jẹ́ nínú ilé mi. Òun àtàwọn ará ẹ̀ tó ń rùn bí ẹja, wọn ò ní sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi láéláé."

"Ó dáa," ni Orsola wí. "Èmi náà ò ní sùn lórí ẹ̀."

Ó lọ gbé báàgì rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kó wá sùn lọ́dọ̀ àwọn ní Mestre, ìlú tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ nítòsí. Ermes ní yàrá kan wà nílé ìyá òun ní Pellestrina, pé wọ́n ti tún un ṣe dè é. Orsola fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní bí òun bá sá lọ síbẹ̀, wọ́n á ní ó jí òun gbé ni. Ó ní òun kò jalè, òun kò sì ní fara pamọ́. Nílùú yìí tí gbogbo ayé ti ń wá yan òtẹ́ẹ̀lì, òun náà máa yan tòun.

Ó gun afárá, ó sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, ó sì wọ ilé Tullio. Tullio ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti ń bá Fiorenza du àlejò láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

"Ọmọ Fiorenza, ṣé o fẹ́ kí ìyá ẹ wá dáná sun mí ni? Gba yàrá ẹ̀yìn, ó dákẹ́ rọ́rọ́."

"Èyí tó kọjú sí tiwọn ni mo fẹ́, bàbá."

Òun ni Tullio fún un. Láràárọ̀, aago mẹ́jọ gééré, Orsola á ṣí fèrèsé, á nà jáde, á sì ké láti òdìkejì omi pé, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sun dáadáa?" Fiorenza á ti fèrèsé tirẹ̀ gbàgà. Àwa ará àdúgbò kò mu kọfí wa kí á tó gbọ́ gbàgà yẹn. Àwọn kan ń sọ pé ọmọ yìí ya aláìgbọràn. Èmi kò sí lára wọn o. Ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀ láràárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn, ìgbọràn wo ló tún kù?

Lọ́sẹ̀ kẹta, gbàgà náà dáwọ́ dúró. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ermes dé nísàlẹ̀ fèrèsé Tullio ní ọ̀sán ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹrù aṣọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó gun orí òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì kí ojú rẹ̀ lè tó ti Orsola, ó sì ní òun kò ní òtẹ́ẹ̀lì, òun kò ní áńgẹ́lì lára àjà, ṣé yóò fẹ́ òun bẹ́ẹ̀? Orsola bi í bóyá aṣọ tó dúró lé yẹn mọ́ tàbí ó dọ̀tí. Ó ní ó mọ́. Orsola ní kó sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ kíákíá kó tó bà á jẹ́, pé bẹ́ẹ̀ ni, òun máa fẹ́ ẹ. Àwa la pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Wọ́n dá ọjọ́ sí Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, láìrántí pé ọ̀la rẹ̀ ni ìdíje ọkọ̀ títù ńlá. Kò sí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nígboro. Ogójì èèyàn ló ń bọ̀ láti Pellestrina, kò sì síbi tí wọ́n máa sùn sí. Ìyá Ermes ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé inú ọkọ̀ ni àwọn baba àwọn máa ń sùn, ọ̀run ò sì já lé wọn lórí. Orsola kọ ìwé ìpè fún ìyá rẹ̀, ó sì tì í gba abẹ́ ìlẹ̀kùn. Kò sí èsì. Tullio gan-an gun afárá lọ bá Fiorenza. Ó ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, pé tòsì Fiorenza nìkan lòun ti ń rí. Fiorenza ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Nílùú wa, ẹnu ọ̀nà omi ilé bàbá rẹ̀ ni ìyàwó ti ń wọkọ̀. Orsola mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní aago mẹ́wàá Sátidé, ẹnu ọ̀nà omi Tullio ló ti jáde nínú aṣọ funfun, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ gbẹ. Ermes ti fọ ọkọ̀ aṣọ náà títí ó fi ń dán, ó sì ti to àga sínú rẹ̀. Ogójì ará Pellestrina wà nínú ọkọ̀ wọn lẹ́yìn. Àwa kún ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń wo ìyàwó, nítorí Àparò Mẹ́ta ni gbogbo wa ń wò.

Ermes di okùn mú, ó ní, "Ṣé ká máa lọ, àbí ká dúró díẹ̀?"

"Ká máa lọ," ni Orsola wí.

Ìgbà yẹn ni ìlẹ̀kùn òdìkejì ṣí. Àwọn àlejò ló kọ́kọ́ jáde, àwọn ará Jámánì, ará Faransé, olúkúlùkù pẹ̀lú báàgì rẹ̀, wọ́n ń gun afárá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ Tullio. Tullio dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. A ò mọ̀ pé ó ti fi yàrá pa mọ́ dè wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni Fiorenza jáde sí ẹnu ọ̀nà omi tirẹ̀ nínú aṣọ ṣẹ́dà dúdú, ó na ọwọ́ kan jáde pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá. Obìnrin yìí kò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ẹrù rí láyé rẹ̀.

Ermes wa ọkọ̀ débẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. Fiorenza di ọwọ́ náà mú, ó wọlé, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó pọ́n.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì," ló wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ti gbogbo yàrá méjèèjìlélógún. Èmi nìkan."

"Fún ta ni, Màmá?"

"Ta lo rò? Ṣé inú ọkọ̀ ni ẹbí ọkọ ọmọ mi máa sùn lójú ará àdúgbò?" Ó wá yíjú sí ìyá Ermes nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n so ọkọ̀ wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Ilé ti ṣófo, ẹ̀yin ló ń dúró dè."

Ìyá Ermes ní ó dáa, wọ́n á sùn níbẹ̀. Orsola tó ti kọ̀ láti sunkún látìgbà tó ti kúrò nílé bá gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sì sunkún bó ṣe wù ú. Fiorenza jẹ́ kó sun ún. Ó ń fi ọwọ́ tó bó yẹn tún ìborí funfun náà ṣe fún un, ó sì sọ fún Ermes pé kó rọra wa ọkọ̀, kí omi má bàa ta sí ìyàwó lára.